Wọ́n Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Verna Pawliuk Níta

Verna Pawliuk kú ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lórí yìnyín, níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sí lókè gàdàgbà. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn pé ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì kò ní ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, pé kí ẹni tí nǹkan bá ṣe máa lọ sí ilé ìwòsàn ìlú ńlá. Ìlú ńlá tí wọ́n ń wí yẹn, bí ẹ bá gbéra ní Dunmere lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, ebi á ti tún máa pa yín kí ẹ tó débẹ̀. Ìyẹn tí yìnyín ò bá sí lójú títì o. Lóṣù kejì ọdún, ní Saskatchewan tiwa níbí, ìgbà wo ni yìnyín kì í sí lójú títì?

Àwọn kan ti pè mí pé kí n rọra kọ èyí, pé a kì í pariwo lórí òkú. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi wọ́n: nígbà tí Metro ọkọ rẹ̀ ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn yẹn, tí ìyàwó rẹ̀ ṣì ń mí, ta ló dá a lóhùn? Èmi ò ní rọra. Ọ̀rọ̀ yìí ń rí mi lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ Verna, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ìyàwó àgbẹ̀ ni. Òun àti Metro jọ ń gbin àlìkámà ní apá àríwá ìlú, lórí ilẹ̀ tí àwọn òbí àgbà wọn tó ti Ukraine wá fi ẹṣin tú. Ó ṣe tíṣà kí ó tó di aṣòfin, ó sì ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ yìí fún sáà mẹ́ta. Ó kúrú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹ lè jókòó sínú mọ́tò yín níta kí ẹ máa gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ èyí, èmi ni mo ni ilé oògùn kan ṣoṣo tó wà nílùú yìí, mo sì ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọdún tí mo dé, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò mi kọ̀ jálẹ̀, kò dún pìn-ín. Mo dúró tì í, mò ń gbọ̀n, mi ò mọ ẹni tí mo lè pè. Verna ń kọjá lọ, ó sì yà wá. Kò tíì mọ orúkọ mi. Ó wo iwájú mọ́tò, ó rí wáyà tó rọ̀ dirodiro níbẹ̀ tí mi ò so mọ́ ibì kankan, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àbúrò, ṣé o rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi wáyà yìí ṣe ni? Tó o bá ti pa mọ́tò níbí, o so ó mọ́ná. Ìwọ wọ kóòtù, jẹ́ kóun náà yáná.” Ó lọ sílé, ó sì padà wá pẹ̀lú okùn iná gígùn kan. Kò gbà á padà lọ́wọ́ mi títí ó fi kú.

Ẹ sì mọ bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ṣe níbí nígbà ìkórè. Kò sí ìlú kékeré tí kì í se àsè tòlótòló nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ á se é, tọmọdé tàgbà á wá jẹ. Olóṣèlú tó bá ń wá ìbò á gba kẹ́tù kọfí lọ́wọ́ ẹnì kan, á máa bù ú fún àwọn èèyàn láti tábìlì dé tábìlì, á máa béèrè ọmọ, á máa béèrè màlúù, eyín rẹ̀ á sì máa tàn. Verna kò bu kọfí rí. Á gba ẹ̀yìn wọlé, á ká apá aṣọ sókè, á máa fọ ìkòkò pẹ̀lú àwọn obìnrin nínú ilé ìdáná. Ó ní ẹni tó ń bu kọfí, “ẹ kú iṣẹ́” nìkan ló máa gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ nípa obìnrin tó bímọ sínú pikọ́ọ̀pù lójú títì, àti ọkùnrin tí ẹ̀rọ ìkórè gé lápá, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà tán kí wọ́n tó gbé e dé ìlú ńlá. Ọ̀rọ̀ ìdí abọ́ yẹn ló gbé lọ sílé ìgbìmọ̀. Ó ń sọ ọ́ títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sá fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń sọ ọ́ lọ títí wọ́n fi kọ́ ilé ìwòsàn sí Dunmere.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba, ìjọba ẹgbẹ́ tirẹ̀ o, ní ìpínlẹ̀ ò lè bọ́ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké mọ́, pé àwọn máa tì wọ́n. Tiwa wà nínú wọn. Verna ti di mínísítà ọ̀rọ̀ ojú títì nígbà yẹn, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí ẹgbẹ́ bá ti fẹnu kò, gbogbo yín lẹ máa jọ dìde. Lọ́jọ́ ìbò, wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dìde. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde gìrì. Verna jókòó. Wọ́n ní kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn dìde. Verna dìde, òun nìkan láàárín wọn. Wọ́n ní olórí ìjọba yíjú padà wò ó, Verna sì sọ fún un, kò tilẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Ẹ lè gba àga mi. Ẹ ò lè gba dókítà ìlú mi.”

Wọ́n gba àga mínísítà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ti gbé e. Àwọn àgbẹ̀ wa wa katakata wọn lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀, wọ́n dúró síbẹ̀, wọn ò kúrò, títí ìjọba fi yọ Dunmere kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ tì. Bí ilé ìwòsàn ṣe kù sílẹ̀ fún wa nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lókè yẹn fẹ́ràn wa.

Kí ni ìlú wá fi san án fún un? Ẹ̀yin ará Dunmere, ẹ má wò mí báyẹn. Nígbà ìdìbò tó tẹ̀ lé e, ẹ dìbò yọ ọ́. Èmi ò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè nígbà yẹn, mi ò lè dìbò, ṣùgbọ́n mo létí. Ẹ ní obìnrin tí wọ́n ti lé kúrò nípò mínísítà, kí ló tún fẹ́ mú wálé? Ọkùnrin kan ṣèlérí ọ̀dà sí títì pápá eré, ẹ sì gba ọ̀dà. Nígbà ìkórè ọdún yẹn, Verna tún wá sí gbọ̀ngàn, ó gba ẹ̀yìn wọlé, ó ká apá aṣọ sókè. Ìyàwó ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ bi í pé ṣé kò bínú ni. Ó ní, “Mo bínú gan-an. Gbé abọ́ yẹn wá.”

Kò sì fi wá sílẹ̀. Títí ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè é lórí fóònù bí ẹni pé òun ṣì ni aṣòfin. Ẹni tí ìjọba ń yọ lẹ́nu lórí ilẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò rí ilé ìwé, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kọ̀wé sí, Verna ni wọ́n ń pè. Á wá sí ilé oògùn mi wá ra mìǹtì, á jókòó sórí àga tí mo tọ́jú fún àwọn aláìsàn, á sì máa bá mi jiyàn lórí ohun tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ dídùn jù. Ó ní kí n máa dárúkọ èèyàn. Mo sọ fún un pé wọ́n á pè mí lẹ́jọ́. Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Nígbà tó darúgbó, ojú wá ti gbogbo wa. Ìjọba mìíràn ti dé. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n gé ribọ́n, wọ́n fi bóòtù kan lẹ́tà onírin ńláńlá mọ́ òkè ilẹ̀kùn, wọ́n sì ya fọ́tò lóríṣiríṣi. Lẹ́yìn náà, dókítà kan lọ, wọn ò wá òmíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ títí ó fi sú wọn, wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn. Ìgbà yẹn ni “fún ìgbà díẹ̀” bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ṣí i lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á tì í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkéde rẹ̀ á wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn arúgbó wa ò mọ ọ̀nà dé. Àwọn tó yẹ kó lọ bá dókítà wá ń wá bá mi: ọmọ tí kò lè mí dáadáa, ọkùnrin tí ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà. Èmi tí mò ń ka oògùn sínú ìgò! Kò sóhun tí mo lè ṣe ju pé kí n ní kí wọ́n yára wọ mọ́tò.

Nígbà tó yá, ìlú fúnra rẹ̀ dá ọgbọ́n kan. Ẹ mọ àwọn òpó iná kúkúrú tó wà níwájú ilé ìwòsàn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka pàjáwìrì máa ń so mọ́tò mọ́ kí òtútù má bàa pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti oko, ẹ lè rí wọn láti oríta títì márosẹ̀. Tí ẹ bá rí mọ́tò tí wọ́n so mọ́ àwọn òpó yẹn, dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ilé nìyẹn, ẹ yà. Tí òpó bá ṣófo, ẹ má wulẹ̀ dúró, ẹ máa lọ sí ìlú ńlá. Ta ló máa so mọ́tò mọ́ná níbẹ̀ tí kò bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Gbogbo wa là ń lo ọgbọ́n yìí. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera mọ̀ pé a ń lò ó, nítorí Verna dìde nípàdé ìlú, ó sọ ọ́ lójú wọn, ó ní ìtìjú ni kí èèyàn máa ka mọ́tò kó tó mọ̀ bóyá òun máa yè. Ó ní kí wọ́n gbé pátákó oníná kan sí oríta, tí yóò máa sọ bóyá ilé ìwòsàn ṣí tàbí kò ṣí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àbá dáadáa ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò sí pátákó kankan ní oríta yẹn.

Ọjọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, ìdíje òkúta yíyí lórí yìnyín, eré tí ẹnì kan máa ń ti òkúta wúwo, tí àwọn yòókù á máa fi ìgbálẹ̀ gbá ọ̀nà fún un, ń lọ lọ́wọ́ ní ilé eré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Gbogbo ìlú tó yí wa ká ló wá, ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn sì kún. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ ìlera, ẹni tí wọn ò tíì dárúkọ rẹ̀ fún wa, sọ fún àwọn tó ṣètò ìdíje pé kí wọ́n máa lo òpó iná ilé ìwòsàn, pé kò sẹ́ni tó ń lò ó. Kò sẹ́ni tó ń lò ó! Wọ́n ti ilé ìwòsàn pa, wọ́n wá fi iwájú rẹ̀ ṣe àlejò. Èmi ò bá àwọn eléré jà, wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó fún wọn láyè ló mọ̀.

Verna àti Metro ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń bó pòtétò lọ́wọ́ nígbà tó di àyà mú, tí òógùn bò ó. Metro gbé e sínú pikọ́ọ̀pù, nítorí kò sí ará oko tó máa ń jókòó de áḿbúláǹsì tó máa ti ìlú ńlá wá. Metro sọ fún mi pé nígbà tí àwọn dé oríta, òun ti pinnu láti gba ọ̀nà ìlú ńlá lọ tààrà, òun ò tilẹ̀ fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́. Verna ló gbórí sókè. Òun ló wo ìhà ilé ìwòsàn, tó rí mọ́tò tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn tí wọ́n so mọ́ná.

“Wọ́n wà níbẹ̀, Metro,” ó ní. “Wò ó, wọ́n pọ̀. Yà síbẹ̀.”

Metro yà. Ta ni kò ní yà? Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó yà, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló jẹ́ kí ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ rárá.

Bébà ló bá lára ilẹ̀kùn. Ó lù ú, ó ta á nípàá, ó pariwo. Maricel Dumlao, nọ́ọ̀sì ọmọ Philippines tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní apá kejì ilé náà, gbọ́ ariwo, ó sì sáré jáde láìwọ kóòtù. Kò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ka pàjáwìrì. Àwọn aláṣẹ ti gbà á lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n tẹ́ kóòtù Metro sílẹ̀, wọ́n tẹ́ Verna lé e. Maricel kúnlẹ̀ sínú yìnyín, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, ó ń tẹ̀ ẹ́ láyà, títí apá rẹ̀ fi kú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí wà nínú ilé, ara ògiri tó kọjú sí wọn ni wọ́n gbé e kọ́, wọ́n ń rí i láti ara gíláàsì. Àwọn eléré sáré jáde tàwọn tìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń gbá iwájú òkúta. Ọ̀kan nínú wọn fi igi ìgbálẹ̀ tirẹ̀ lu gíláàsì ilẹ̀kùn náà títí igi fi ṣẹ́, gíláàsì ò fọ́. Ìgbà tí áḿbúláǹsì máa fi dé, òkú ni wọ́n gbé.

Ẹ dúró ná, mi ò tíì sọ èyí tó ń rí mi lára jù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe Maricel sí ọ́fíìsì. Ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ kí i. Wọ́n bi í pé ta ló fún un láṣẹ láti fi àwọn arúgbó tó ń tọ́jú sílẹ̀ kó sì jáde síta. Òtútù ọjọ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ láyà, ó wá ra oògùn ikọ́ lọ́dọ̀ mi, ó sì sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè. Mo bi í pé kí ló wá dá wọn lóhùn. Ó ní, “Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé èèyàn máa ń gba àṣẹ kó tó sáré.” Nínú gbogbo àwọn tí ìjọba gbà síṣẹ́ ìlera ní agbègbè wa, òun nìkan ló tọ́jú aláìsàn níwájú ilẹ̀kùn yẹn lọ́jọ́ náà, òun náà sì ni wọ́n rí bá wí.

Ìsìn òkú ló kàn. A ò tíì sin ín. Ilẹ̀ itẹ́ òkú wa ti dì, a máa ń dúró di ìgbà tó bá rọ̀. Fádà ṣe àdúrà, a kọ orin ìrántí ayérayé, Metro kò sunkún. Nígbà tí a dé gbọ̀ngàn láti jẹun, ta ni mo rí? Curtis Wennberg, mínísítà ètò ìlera, ẹni tó jẹ́ pé abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ni gbogbo títì àti ṣíṣí yìí wà. Ó wọ kóòtù dúdú. Ó gba kẹ́tù kọfí lọ́wọ́ obìnrin kan, ó ń bù ú kiri fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Níbi òkú Verna Pawliuk! Àwọn ìyá tó fi ewé kábéèjì di ìrẹsì fún oúnjẹ ọjọ́ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń wò ó. Mi ò rí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rẹ́rìn-ín.

Ó bu kọfí dé ọ̀dọ̀ Metro. Metro kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Verna ló ń sọ tàwọn méjèèjì láti ọjọ́ yìí wá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife rẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ́jú, Bàbá Pawliuk,” ni mínísítà wí. “Irú èèyàn ńlá báyìí! Àwọn gan-an ni ìpìlẹ̀ ètò ìlera ìpínlẹ̀ yìí.”

“O ṣeun, Curtis. Ṣé dáadáa lo dé?” Metro ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, òun àti bàbá rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ òkúta yíyí kan náà rí. “Ibo lo so mọ́tò ẹ mọ́?”

“Ilé ìwòsàn ni, sà. Wọ́n ní àyè wà níbẹ̀.”

“Àyè wà níbẹ̀ lóòótọ́,” ni Metro wí. “Èmi àti Verna náà rí i bẹ́ẹ̀.”

Mínísítà gbé kẹ́tù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà dun òun dé ọkàn, pé òun ti ní kí wọ́n ṣe ìwádìí, pé àbọ̀ ìwádìí á jáde nígbà ìkórè. Ẹ gbọ́ o, nígbà ìkórè! Ilẹ̀ á ti rọ̀, a ó ti sin Verna, koríko á ti hù lórí rẹ̀, àlìkámà á ti gbó, kí wọ́n tó mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Ṣé iwin ló tì í ni? Kọ́kọ́rọ́ kì í dá ara rẹ̀ yí. Ẹni tó yí i lórúkọ, ó sì ní ọ̀gá, ọ̀gá rẹ̀ náà sì ní ọ̀gá, ẹni tó wà lókè pátápátá nínú wọn ló sì ń bu kọfí fún wa yẹn.

Bí ẹ bá rò pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ ò mọ ilé ìgbìmọ̀ wa. Àṣà wọn ni pé bí ẹni tó ti ṣe aṣòfin rí bá kú, wọ́n á ya àkókò sọ́tọ̀ fún un. Ẹgbẹ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ alátakò á máa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa yìn ín, àwọn ẹbí á jókòó sókè, wọ́n á máa gbọ́. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé á dìde, wọ́n á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Àṣà tó dáa ni, bí èèyàn bá fi ọkàn ṣe é. Akọ̀wé ilé pe Metro lórí fóònù pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ti Verna, pé mínísítà ìlera ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Metro ní rárá. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ dárúkọ ìyàwó òun níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn. Bí wọn ò bá sì ní ṣí i, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lókè rẹ̀. Akọ̀wé náà kò bínú o, ó fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ ọ́. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àṣà ilé kì í dúró de ẹbí.

Ohun tó mú Metro gbé àkàbà nìyẹn. Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún gbé àkàbà sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, ó mú sípánà, ó wakọ̀ lọ síwájú ilẹ̀kùn náà lójúmọmọ, ó gùn ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹ wá wo nǹkan. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń sunkún sí wa lọ́rùn pé kò sí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ wà lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan yọ kíá láti ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, ó pe ọlọ́pàá, ọlọ́pàá náà ò sì pẹ́ rárá. Ojú ti ọmọ ọlọ́pàá náà. Ó di àkàbà mú kí arúgbó má bàa ṣubú, ó ń bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní dúkìá ìjọba ni.”

“Kí ni dúkìá ìjọba? Verna?”

“Lẹ́tà yẹn ni, Bàbá. Irin yẹn.”

“Kí wọ́n mú irin wọn. Orúkọ ìyàwó mi ni mo wá gbé lọ sílé.”

Nígbẹ̀yìn ó ki sípánà sápò, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọlọ́pàá náà bá a gbé àkàbà sínú ọkọ̀, ó sì wakọ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ títí ó fi délé. Kí ó tó di ọ̀sán, wọ́n ti rán ẹnì kan tó wá dé bóòtù tí Metro tú padà. Ilẹ̀kùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ máa dìde ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní akíkanjú obìnrin ni. Ẹ máa sọ ìtàn abọ́ fífọ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀kan nínú yín á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ máa ròyìn ọjọ́ tó dá dìde, ẹ̀yin tí ẹ ò dá dìde rí láyé yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin níta, ó kú síta, ẹ sì fẹ́ gbà á wọlé wàyí tí kò lè bi yín ní nǹkan kan mọ́.

Ohun tí à ń béèrè kò le. Ìwọ Curtis Wennberg, dìde kí o dárúkọ. Dárúkọ ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n ti ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Dárúkọ ẹni tó fún àwọn eléré ní òpó iná ilé ìwòsàn, tó mọ ohun tí òpó yẹn ń sọ fún wa. Sọ ẹni tó jókòó lé pátákó oríta tí Verna béèrè. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Maricel Dumlao, kí gbogbo ilé sì gbọ́. Kí o tó jókòó, dá ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa ṣí, tí ẹ ò ní tún tì í mọ́. Bí o ò bá lè dá ọjọ́, yọ orúkọ ìyàwó oníyàwó kúrò lórí irọ́ yín, kí o fi ipò sílẹ̀ fún ẹni tó lè dá a.

Metro kò ní wá. Àwa ará Dunmere máa wá, ẹ̀yin tí ẹ dìbò yọ ọ́ náà, ẹ múra, àyè wà nínú mọ́tò mi. A ó jókòó sórí àga tí wọ́n tọ́jú fún ẹbí, a ó sì máa wo ẹnu mínísítà.

Bí ó bá wá kan ìdákẹ́jẹ́ oníṣẹ́jú kan yẹn, tí ẹ ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ sáyè yín. Ẹ má ṣe dákẹ́ fún Verna Pawliuk mọ́. Ẹ ti dákẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń lu ilẹ̀kùn.